Bí a ṣe ń lo Ubuntu nínú Windows pẹ̀lú VirtualBox, láìfọwọ́ kan iṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ pé òun ló fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, kò yẹ kó fi kọ̀ǹpútà náà dán ohun tí kò tíì mọ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà (operating system) bíi Windows, ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n pín háàdì dísíkì wọn sí méjì, kí Windows gba apá kan, kí Linux gba apá kejì. Ọ̀nà náà dára fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ ohun tí kò yẹ níbi tí a ti ń pín dísíkì, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè parẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀ nínú: a ó gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀ sínú èyí tó wà nílẹ̀, Windows yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, Ubuntu, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, yóò sì máa ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé kan lójú Windows náà gẹ́gẹ́ bí sọ́fítíwíà yòókù.

Sọ́fítíwíà tó ń ṣe èyí, irú èyí tí VirtualBox jẹ́, máa ń gba ìpín kan nínú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), ìpín kan nínú agbára processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), àti àyè lórí dísíkì, á sì tò wọ́n jọ níwájú ètò ìṣiṣẹ́ kejì bí odindi kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tí a tò jọ báyìí ni wọ́n ń pè ní virtual machine. Windows tó ni ilé ni n ó máa pè ní onílé. Ubuntu tó wọlé tọ̀ ọ́ wá ni n ó máa pè ní àlejò. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé àlejò kò lè ní ju ohun tí onílé bá fún un lọ, àti pé bí onílé bá kó gbogbo oúnjẹ ilé fún àlejò, ebi ni yóò pa àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé ọ̀nà yìí kò dára, ọ̀rọ̀ ìpín yìí gan-an ni wọn kò yanjú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1972 ni IBM gbé VM/370 jáde, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè pín ẹ̀rọ ńlá kan lò, tí olúkúlùkù sì ń lò ó bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni. VMware gbé irú rẹ̀ dé orí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké ní 1999. Ohun tó wá jẹ́ kí ó yára tó bí a ṣe ń rí i lónìí ni pé Intel ní 2005 àti AMD ní 2006 bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrànlọ́wọ́ fún iṣẹ́ yìí sínú processor fúnra rẹ̀: ti Intel ni VT-x, ti AMD ni AMD-V. Ilé-iṣẹ́ innotek ní Jámánì ló gbé VirtualBox jáde ní 2007. Sun Microsystems ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2008, Oracle sì ra Sun ní 2010, ọwọ́ Oracle náà ló ṣì wà. Mo yàn án nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows Home, níbi tí Hyper-V, irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ tí Microsoft ṣe, kò sí. Ẹni tó jẹ́ pé àṣẹ inú terminal, ìyẹn ibi tí a ti ń fi ọwọ́ tẹ àṣẹ, nìkan ló fẹ́ kọ́ lè lo WSL, ọ̀nà tí Microsoft pèsè láti lo Linux nínú Windows, dípò rẹ̀, nítorí pé àṣẹ wsl --install nínú PowerShell ti tó láti gbé e wá. Ẹni tó ń lo Mac tó ní chip M1 tàbí àwọn tó tẹ̀lé e yóò rí i pé UTM, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ló bá a mu. Ìyókù ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹni tó ń lo Windows 10 tàbí 11 lórí processor Intel tàbí AMD.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè jáde, kí ẹ wọ Performance, kí ẹ sì tẹ Memory. Iye RAM tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni yóò pinnu gbogbo ohun tó kù. Bí ó bá jẹ́ 16GB, ẹ fún Ubuntu ní 6GB tàbí 8GB, ìrọ̀rùn ni ẹ ó fi ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ 8GB, ẹ fún un ní 4GB, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ ti Chrome pa nínú Windows kí ẹ tó tan àlejò, nítorí pé ojú ìwé méjìlá tó ṣí sílẹ̀ nínú Chrome lè jẹ gbogbo ohun tó kù fún onílé. Bí ó bá jẹ́ 4GB, bí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà ṣe máa ń rí, ẹ má ṣe gbé Ubuntu gan-an lé e rárá. Lubuntu ni kí ẹ lò, nítorí ojú iṣẹ́ LXQt tó ń lò fúyẹ́ gan-an, kí ẹ fún un ní 2GB, kí ẹ má sì ṣí ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Bí owó bá wà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi 4GB kún RAM náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí pé kò sí àtúnṣe kankan nínú Settings tó lè rọ́pò RAM tí kò sí. Òfin tí mo máa ń tẹ̀ lé ni pé àlejò kò gbọdọ̀ gba ju ìdajì lọ. Nígbà tí RAM onílé bá tán, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tó yẹ kó wà nínú RAM lọ sórí dísíkì, dísíkì náà sì ni Ubuntu ń gbé lórí rẹ̀. Bí ẹ ṣe fi RAM kún ti àlejò láti mú un yára ni ẹ ó ṣe máa rí i tó ń lọ́ra sí i.

Ní ti dísíkì, àwọn tó ṣe Ubuntu dámọ̀ràn 25GB fún ẹ̀yà 24.04. Ẹ fi fáìlì tí ẹ ó gbà wálẹ̀ kún un, ẹ fi àyè fún snapshot tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ kún un pẹ̀lú, ẹ ó rí i pé ó dára kí nǹkan bí 50GB ṣófo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí dísíkì yín bá jẹ́ SSD, ẹ ó rí ìyàtọ̀ tó hàn kedere sí háàdì dísíkì àtijọ́ tó ń yí.

Ohun kẹta ló máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Nínú Performance kan náà, ẹ tẹ CPU, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Virtualization sí. Bí ó bá jẹ́ Enabled, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ Disabled, ó túmọ̀ sí pé VT-x tàbí AMD-V wà nínú processor yín ṣùgbọ́n wọ́n tì í pa nínú BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì máa tẹ F10 léraléra bí ó bá jẹ́ HP, F2 bí ó bá jẹ́ Dell tàbí Acer, F1 bí ó bá jẹ́ ThinkPad. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá tó lè gba inú Windows 11 lọ: Settings, System, Recovery, Advanced startup, Restart now, lẹ́yìn náà Troubleshoot, Advanced options, UEFI Firmware Settings. Nínú BIOS, ohun tí ẹ ń wá lè jẹ́ Virtualization Technology, Intel VT-x tàbí, lórí AMD, SVM Mode. Ẹ sọ ọ́ di Enabled, kí ẹ fi F10 pa á mọ́, kí ẹ sì jáde.

Kí ẹ tó wọ BIOS, ẹ wò ó bóyá BitLocker tàbí Device encryption, tó ń ti ohun inú dísíkì pa, wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí ó bá wà, àyípadà nínú BIOS lè mú kí Windows béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tó ní nọ́ńbà 48, ẹni tí kò bá sì ní i lọ́wọ́ kò ní wọlé. Ẹ wọ account.microsoft.com/devices/recoverykey, kí ẹ da nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé ṣáájú. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà kì í dárúkọ èyí rárá, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ibi tí ohun inú Windows yín ti lè wọ ewu nínú iṣẹ́ yìí.

Gbígba àwọn fáìlì wálẹ̀

Fáìlì méjì ni ẹ nílò. Èkíní ni VirtualBox fúnra rẹ̀, tí ẹ ó gbà láti virtualbox.org níbi tí wọ́n kọ Windows hosts sí. Ó lé ní 100MB. Èkejì ni ISO, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo ètò náà sínú, ti Ubuntu 24.04 LTS láti releases.ubuntu.com/24.04, èyí tó sún mọ́ 6GB. Mo dúró lórí 24.04 nítorí pé LTS ni: oṣù kẹrin ọdún 2024 ló jáde, wọn yóò sì máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ di 2029.

Dátà 6GB kì í ṣe ohun kékeré, ó sì máa ń dunni bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Nítorí náà, ẹ lo BitTorrent tí Ubuntu pèsè lórí ojú ìwé àwọn ọ̀nà mìíràn láti gbà á, nítorí pé ibi tó já sí ni yóò ti máa bá a lọ, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí ọ̀rẹ́ kan bá ti ní ISO náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú fúláàṣì. Ṣùgbọ́n fúláàṣì tí wọ́n ṣètò pẹ̀lú FAT32 kì í gba fáìlì kan tó ju 4GB lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 32GB ni àyè rẹ̀. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ sí ibòmíràn, kí ẹ ṣe Format rẹ̀ pẹ̀lú exFAT, yóò sì gbà á.

Bí ISO bá ti dé ọwọ́ yín, pàápàá láti ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ fi àṣẹ cd wọ fódà tó wà, kí ẹ sì kọ certutil -hashfile, lẹ́yìn náà orúkọ fáìlì náà, lẹ́yìn náà SHA256. Ìlà gígùn tí yóò jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú fáìlì SHA256SUMS lórí releases.ubuntu.com mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, fáìlì náà ti bàjẹ́ lọ́nà tàbí ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án, ẹ má lò ó.

Fífi VirtualBox sórí Windows kò ní ìṣòro. Bí ó bá sọ pé òun nílò Microsoft Visual C++ Redistributable, ẹ gbà á lórí ojú ìwé Microsoft, ẹ fi sórí rẹ̀, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Yóò kìlọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì yóò já fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má ṣe dáńlóòdù ohunkóhun lọ́wọ́ ní àkókò yẹn. Ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní Extension Pack lórí ojú ìwé kan náà. Ẹ kò nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, àdéhùn tó wà lórí rẹ̀ sì yàtọ̀: ọ̀fẹ́ ni fún ìlò ara ẹni àti fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sanwó fún un. Ẹ má gbé e sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì.

Títo kọ̀ǹpútà àlejò jọ

Ẹ ṣí VirtualBox, kí ẹ tẹ New. Ẹ fún un ní orúkọ, ẹ yan fódà tí yóò máa gbé, kí ẹ sì tọ́ka sí ISO náà níbi tí wọ́n kọ ISO Image sí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni VirtualBox yóò fẹ́ bá yín fi Ubuntu sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má gbà fún un. Nínú 7.0 àti 7.1, ẹ fi àmì sí Skip Unattended Installation. Nínú ẹ̀yà tó bá kọ Proceed with Unattended Installation, ẹ mú àmì kúrò níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ bá jẹ́ kó ṣe é, yóò dá olùmúlò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ vboxuser, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ á jẹ́ changeme, olùmúlò náà kì í sì í sábà ní àṣẹ sudo, ìyẹn àṣẹ alákòóso kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Linux yóò wọlé tán, yóò wá rí i pé òun kò lè fi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà tí òun fúnra òun gbé kalẹ̀.

Ní ojú ewé tó tẹ̀lé e, ẹ kọ iye RAM tí a ti fẹnu kò lé lórí, 4096MB fún ẹni tó ní 8GB, kí ẹ sì fún un ní processor méjì. Tó bá kan dísíkì, VirtualBox yóò dámọ̀ràn 25GB. Èmi máa ń fi í sí 40GB. Iye yìí kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí ẹ kò bá fi àmì sí Pre-allocate Full Size, fáìlì VDI tó jẹ́ dísíkì àlejò yóò kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa tóbi bí ohun inú rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé bí ó bá ti tóbi, kì í kéré mọ́ fúnra rẹ̀, àní bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ nínú Ubuntu.

Bí ẹ bá ti tẹ Finish, ẹ má tíì tan án. Ẹ wọ Settings, Display, kí ẹ gbé Video Memory dé 128MB, kí ẹ sì rí i pé VMSVGA ló wà ní Graphics Controller. Èyí kì í jẹ́ kí ojú fèrèsé náà máa ṣú dúdú tàbí kí àwòrán máa já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ púpọ̀.

Fífi Ubuntu sínú rẹ̀

Ẹ tẹ Start. Ẹ yan Try or Install Ubuntu, kí ẹ ní sùúrù, nítorí pé lórí háàdì dísíkì àtijọ́, ojú iṣẹ́ rẹ̀ lè pẹ́ kó tó hàn. Ẹ yan èdè, kíbọ́ọ̀dù àti íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà Install Ubuntu àti Interactive installation. Ẹ gbà á bí ó ṣe wà ní Default selection. Kò sí ìdí láti kó sọ́fítíwíà púpọ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ fi kọ́ṣẹ́.

Láìpẹ́, ẹ ó dé ibi tó ti ń dẹ́rù ba gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é: Erase disk and install Ubuntu. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Dísíkì tí Ubuntu ń rí, tó sì fẹ́ nù, ni fáìlì VDI tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Kò rí dísíkì C, kò mọ̀ pé Windows wà, kò sì ní ọ̀nà tó lè gbà fọwọ́ kan àwọn fọ́tò àti ìwé yín. Ẹ wo iye tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ dísíkì náà kí ọkàn yín lè balẹ̀: yóò bá 40GB tí ẹ fún un mu, kò ní jẹ́ iye dísíkì kọ̀ǹpútà yín gan-an. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà sí i, ẹ yan àgbègbè aago, ìyẹn Lagos fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà, Porto-Novo fún ẹni tó wà ní Benin, kí ẹ sì jẹ́ kó parí. Bí ó bá ní kí ẹ yọ ohun tí ẹ fi gbé e wá kí ẹ sì tẹ Enter, ẹ kàn tẹ Enter, nítorí pé VirtualBox ti yọ ISO náà fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Bí máòsì bá há sínú fèrèsé àlejò tí kò fẹ́ jáde, ẹ tẹ Ctrl apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni VirtualBox yà sọ́tọ̀ láti gba máòsì àti kíbọ́ọ̀dù padà fún onílé.

Guest Additions, fódà àjọlò àti íntánẹ́ẹ̀tì

Ubuntu yóò ṣiṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò kéré nínú fèrèsé, ẹ kò sì ní lè da ọ̀rọ̀ kọ láti Windows sínú rẹ̀. Guest Additions ló ń tún èyí ṣe. Ẹ ṣí Terminal nínú Ubuntu, kí ẹ kọ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt install build-essential dkms linux-headers-$(uname -r). Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, ẹ lọ sí àkójọ Devices lókè fèrèsé VirtualBox, kí ẹ tẹ Insert Guest Additions CD image. Sídì kan yóò hàn nínú Ubuntu. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì nínú rẹ̀, ẹ yan Open in Terminal, kí ẹ sì kọ sudo ./VBoxLinuxAdditions.run. Ẹ tún Ubuntu tàn. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá fa fèrèsé náà gbòòrò, ojú Ubuntu yóò gbòòrò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ padà sí Devices, Shared Clipboard, kí ẹ yan Bidirectional. Bí ọ̀rọ̀ kò bá kọjá síbẹ̀síbẹ̀, ẹ jáde, kí ẹ tó tún wọlé, ẹ tẹ àmì tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ yan Ubuntu on Xorg.

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà nínú Ubuntu tẹ́lẹ̀, láìjẹ́ pé a dáńlóòdù ohunkóhun. Ẹ wọ Settings, Keyboard, kí ẹ fi kún Input Sources, ẹ ó rí Yoruba lábẹ́ Other. Inú mi máa ń dùn sí i.

Fún fáìlì, ẹ dá fódà tuntun kan sílẹ̀ nínú Windows, kí ó jẹ́ èyí tí kò ní ohun mìíràn nínú. Nínú Settings ti àlejò, ẹ wọ Shared Folders, ẹ tọ́ka sí fódà náà, kí ẹ fi àmì sí Auto-mount. Nínú Ubuntu, yóò hàn ní /media/sf_ pẹ̀lú orúkọ fódà náà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé títí ẹ ó fi kọ sudo adduser $USER vboxsf, kí ẹ sì tún Ubuntu tàn. Ẹ má ṣe fi Documents tàbí odindi dísíkì C ṣe fódà àjọlò. Ohunkóhun tó bá ba nǹkan jẹ́ nínú àlejò, ì báà jẹ́ àṣẹ rm, tó ń pa fáìlì rẹ́, tí ẹ kọ ní àṣìṣe, lè ba ohun tó wà nínú fódà yìí jẹ́, nítorí pé fáìlì onílé gan-an ni, kì í ṣe ẹ̀dà.

Íntánẹ́ẹ̀tì kò nílò àtúnṣe. NAT ni VirtualBox fi sí i, Ubuntu yóò gba àdírẹ́sì 10.0.2.15, yóò sì máa gba ọ̀nà onílé jáde. Ẹni tó bá gbé sáfà kan sínú àlejò, tó sì fẹ́ kí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé rí i, ni yóò yí i padà sí Bridged Adapter. Ẹ rántí pé dátà tí Ubuntu ń jẹ láti tún ara rẹ̀ ṣe, dátà yín kan náà ni.

Snapshot, àti ọ̀rọ̀ iná

Snapshot ni ìdí tó ga jù tí mo fi gbà pé kò sí ibi tó dára ju inú virtual machine lọ láti kọ́ṣẹ́. Ó ń pa ipò tí àlejò wà ní ìṣẹ́jú kan mọ́, kí ẹ lè padà sí i nígbàkígbà. Ẹ gba èkíní lẹ́yìn tí Guest Additions bá ti ń ṣiṣẹ́: ẹ wọ àkójọ Machine, Take Snapshot, kí ẹ fún un ní orúkọ tó sọ ohun tó jẹ́, bí àpẹẹrẹ “Ubuntu mímọ́, kò tíì sí ohunkóhun”. Láti ìgbà yẹn, ẹ lè yí àwọn fáìlì inú /etc, níbi tí àwọn ìṣètò Ubuntu wà, padà, ẹ lè yọ ohun tí kò yẹ kí a yọ, ẹ lè wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ètò kan bá wó, lẹ́yìn náà kí ẹ pa àlejò, kí ẹ yan snapshot yẹn, kí ẹ tẹ Restore. Ohun tí olùkọ́ kan yóò bẹ̀rù láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lórí kọ̀ǹpútà gidi, ẹ lè ṣe é lójoojúmọ́.

Àmọ́ snapshot kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. VDI àkọ́kọ́ ni ó gbára lé: bí fáìlì yẹn bá bàjẹ́ tàbí kí dísíkì kú, gbogbo snapshot bá a lọ. Wọ́n sì máa ń gba àyè, nítorí pé gbogbo àyípadà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn snapshot kọ̀ọ̀kan ni VirtualBox ń kọ sínú fáìlì mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ pa èyí tó ti pẹ́ rẹ́ láti inú VirtualBox, ẹ má ṣe lọ fi ọwọ́ pa fáìlì rẹ̀ rẹ́ nínú fódà. Ẹ̀dà ìpamọ́ gidi ni kí ẹ lọ sí File, Export Appliance, kí ẹ sì gbé fáìlì OVA tó bá jáde lọ sórí dísíkì tó wà ní ìta.

Ní ibi tí iná mọ̀nàmọ́ná ti máa ń lọ láìkìlọ̀, ẹni tí bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé inú sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Bí iná bá lọ lójijì, ètò méjì ni yóò kú lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí àlejò ń kọ lọ́wọ́ sínú VDI sì lè dá dúró ní ìdajì. Ẹ má tan àlejò láìsí bátìrì tó lè gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Bí iná bá lọ tí bátìrì ń lọ sísàlẹ̀, ẹ tẹ àmì ìtìpa fèrèsé àlejò, kí ẹ yan Save the machine state. VirtualBox yóò kọ ohun tó wà nínú RAM àlejò sórí dísíkì, bí iná bá sì dé, ẹ ó bá gbogbo nǹkan níbi tí ẹ fi wọ́n sí. Power off the machine dà bíi kí a fa wáyà yọ. Àyàfi bí àlejò bá ti dákú pátápátá, ẹ má lò ó.

Bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ

Bí ẹ bá tẹ Start tí VirtualBox kọ VERR_VMX_MSR_ALL_VMX_DISABLED, BIOS ni kí ẹ padà sí; ohun tí a sọ lókè kò tíì di Enabled tàbí kò fi ara mọ́ ọn.

Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tó ń lọ́ra gidi bó tilẹ̀ jẹ́ pé RAM tó, ẹ wo àwọn àmì kéékèèké tó wà ní ìsàlẹ̀ fèrèsé àlejò. Bí ẹ bá rí àwòrán ahun aláwọ̀ ewé níbẹ̀, Hyper-V ti Windows ló ti gba VT-x mọ́wọ́, VirtualBox sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ wọ Turn Windows features on or off, kí ẹ mú àmì kúrò lórí Hyper-V, Virtual Machine Platform àti Windows Hypervisor Platform, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Bí ahun náà kò bá lọ, Memory integrity tó wà lábẹ́ Core isolation nínú Windows Security ló kù. Èmi kì í gbà ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti pa á láìronú, nítorí pé ààbò ni. Bí àlejò bá ṣì ṣeé lò pẹ̀lú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ń lo WSL 2 tàbí Docker náà kò lè pa Virtual Machine Platform láìjẹ́ pé wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Bí ó bá kọ No bootable medium found, ISO náà kò sí nínú Storage mọ́ ṣáájú kí ìfisórí tó parí. Ẹ tún un so mọ́ àwòrán sídì tó wà níbẹ̀.

Ní ti ààbò, virtual machine ń ya àlejò kúrò lára onílé dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe odi tí a kò lè gùn. Ní 2015, wọ́n rí àlébù kan tí wọ́n pè ní VENOM nínú apá tó ń ṣe bí ẹ̀rọ floppy, tó lè jẹ́ kí ẹni tó wà nínú àlejò jáde wá sọ́dọ̀ onílé, VirtualBox sì wà lára àwọn tó kàn. Wọ́n tún un ṣe, ẹni tó sì ń gba àtúnṣe déédéé ni ó ṣe láǹfààní. Ẹ máa gba ẹ̀yà tuntun VirtualBox bí ó bá jáde, kí ẹ sì pa Shared Clipboard àti fódà àjọlò bí ẹ bá fẹ́ ṣí fáìlì tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá.

Nígbà tí ẹ kò bá nílò àlejò náà mọ́, ẹ má ṣe pa fódà rẹ̀ rẹ́ láti inú Windows. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí orúkọ rẹ̀ nínú VirtualBox, ẹ yan Remove, lẹ́yìn náà Delete all files. VDI, snapshot àti gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọn yóò lọ pọ̀, àyè tó gbà yóò padà fún Windows, fódà àjọlò tí ẹ dá sílẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò sì wà níbi tí wọ́n wà.